Láti Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Fọganáísà Dé Inú Mọ́ọ̀dù: Bí A Ṣe Ń Fi Àlòkù Táyà àti Ọ̀rá Píọ̀ Wọ́tà Ṣe Táìlì Ilẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù fọganáísà tí kò ní òkìtì táyà lẹ́yìn kò wọ́pọ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró sínú wọn, ẹ̀fọn á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé ọmọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn tó ń sun pọ̀nmọ́ á wá kó nínú wọn lọ dáná. Èéfín dúdú yẹn á wọ inú awọ tí a fẹ́ jẹ, á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó jókòó ti iná náà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, nítorí ohun èlò gidi ni wọ́n ń sun níná, ohun tó lè wà lẹ́sẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, tó ní iná mànàmáná tàbí jẹnẹrétọ̀, tí wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ sì wà nítòsí rẹ̀, ni mo ń kọ èyí fún. Táìlì tí a fẹ́ ṣe jẹ́ 30 cm ní gígùn, 30 cm ní ìbú, ó sì nípọn 2.5 cm. Rọ́bà táyà tí a lọ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a yọ́, àti okùn tín-ín-rín inú èèpo àgbọn ni a ó fi ṣe é. Àwọn kan ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀n ńlá nílẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ Freee Recycle tí Ifẹ́dọlápọ̀ Rúnṣèwé dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2020, wọ́n ń sọ àlòkù táyà di bíríkì ilẹ̀ àti táìlì. Tiwa níhìn-ín kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ara wa ni yóò sì kan gbogbo rẹ̀.

Ohun tí táyà jẹ́

Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín: rọ́bà táyà kì í yọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó pàdánù owó sínú iṣẹ́ yìí rò pé bí iná bá ti pọ̀ tó, táyà á yọ́ bí ike. Kò ní yọ́ láéláé. Á kàn jó ni.

Ní ọdún 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà igi mọ́ imí ọjọ́, tí a sì yan án, kò ní máa lẹ̀ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Imí ọjọ́ yẹn ló so àwọn okùn rọ́bà mọ́ ara wọn bí àwọ̀n apẹja. Ohun tó jẹ́ kí táyà lè sáré láti Èkó dé Kánò lórí ọ̀dà gbígbóná náà ni kò jẹ́ kó ṣe é yọ́ padà. Ẹyin tó ti jinná kì í padà di tútù.

Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń wọn nǹkan bí 8 sí 10 kg, ti tírélà sì lè tó 50 sí 60 kg. Nínú táyà ọkọ̀ kékeré, rọ́bà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná bí àtíkè, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní carbon black. Òun ló sọ táyà di dúdú, òun náà ló sì fún un lágbára. Wáyà irin wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀, òróró àti zinc náà kò gbẹ́yìn. Táyà tírélà ní wáyà púpọ̀ ju ti ọkọ̀ kékeré lọ, ṣùgbọ́n òwú inú rẹ̀ kò tó nǹkan, rọ́bà igi tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀.

Nígbà tí rọ́bà kò ti lè yọ́, ohun mìíràn ló gbọ́dọ̀ yọ́ yí i ká. Ẹ wo àdàlú. Ẹ̀wà á rọ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọbẹ̀, àgbàdo á sì wà láàárín rẹ̀ ní odindi. Nínú táìlì wa, ọ̀rá ni ẹ̀wà, rọ́bà ni àgbàdo. Bí ẹ̀wà bá di àgbàdo mú dáadáa, oúnjẹ ti délẹ̀. Bí kò bá dì í mú, gbogbo hóró rọ́bà tó wà nínú táìlì á di ojú tí yóò ti sán. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láti ìhín lọ, ìfọ̀ ni o, ìgbẹ ni o, ìtẹ̀ ni o, ìdìmú yìí ni mo ń lé.

Irú ike tí a ó lò

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Irú ike tí wọ́n ń pè ní LDPE ni, ó máa ń yọ́ láàárín 105 sí 115 °C. Ní ìwọ̀n ooru yẹn, rọ́bà kò tíì ní ìpalára kankan. Kẹ́ẹ̀gì àti ìdérí ìgò tó jẹ́ HDPE máa ń yọ́ ní nǹkan bí 130 °C, a lè fi díẹ̀ kún un bí a bá fẹ́ kí táìlì le sí i. PP, irú ike mìíràn, ń fẹ́ tó 165 °C, ìyẹn náà ṣì ṣe é lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun méjì ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú mọ́ọ̀dù yín. Ìgò omi àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò, tí nọ́ńbà 1 wà nínú àmì onígun mẹ́ta ìdí rẹ̀, máa ń fẹ́ ooru bí 250 °C kó tó yọ́. Kí ó tó yọ́, rọ́bà yín á ti máa jó. Èkejì ni PVC, tó ní nọ́ńbà 3: páìpù omi, táápólì kan, awọ àga kan. Bó bá gbóná jù, èéfín ásíìdì ló máa ń tú jáde, á jẹ irin ẹ̀rọ yín, á sì jẹ ọ̀nà ọ̀fun yín. Bí ẹ kò bá mọ irú ike tí nǹkan jẹ́, ẹ má lò ó.

Ìwọ̀n tí a ó pò

Mọ́ọ̀dù wa gba 30 × 30 × 2.5 cm, ìyẹn 2,250 cm³. Bí a bá ka ìwúwo ọ̀rá sí 0.92, ti rọ́bà sí 1.15, àpòpọ̀ wa á wọn díẹ̀ ju gíráàmù 1 lọ fún cm³ kọ̀ọ̀kan. Táìlì tó dípọ̀ dáadáa á wọn nǹkan bí 2.3 kg. A ó wọn 2.4 kg sínú mọ́ọ̀dù, kí díẹ̀ lè tú jáde létí. Èyí tó tú jáde yẹn ni ẹ̀rí wa pé inú mọ́ọ̀dù kún.

Nínú 2.4 kg náà, ìdajì jẹ́ ike (1.2 kg), ìdá 45 nínú 100 jẹ́ rọ́bà (1.08 kg), ìdá 5 yòókù jẹ́ okùn àgbọn (120 g). Ẹ lè rí ẹni tó máa fi rọ́bà tó ju èyí lọ sí i nítorí pé rọ́bà ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Táìlì rẹ̀ á rọ̀ bí timutimu, ẹsẹ̀ á gbádùn ún, ṣùgbọ́n kò ní gba ẹrù.

Bí agbára yín bá ká a, ẹ yọ 72 g kúrò nínú ike náà, kí ẹ fi MAPE rọ́pò rẹ̀. Ike tí wọ́n ti ṣe kí ara rẹ̀ lè di nǹkan mìíràn mú ni, àwọn tó ń ta èròjà fún ilé iṣẹ́ ike mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín ọ̀rá àti okùn àgbọn hàn kedere, torí okùn fẹ́ràn omi, ọ̀rá sì kórìíra rẹ̀. Bí táìlì yóò bá sùn sínú oòrùn, ẹ tún wá hóró ike dúdú tí carbon black inú rẹ̀ tó ìdá 40 nínú 100, kí 60 g rẹ̀ wọ inú ike yín. Carbon black inú rọ́bà ń dáàbò bo rọ́bà, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó yí i ká wà ní ìhòòhò. Oòrùn wa á sán an láàárín ọdún díẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Táyà ọkọ̀ kékeré kan á fún yín ní rọ́bà tó tó táìlì márùn-ún. Mítà kan níbùú lóròó gba táìlì 11, nítorí náà ẹ fi táyà tó ju méjì lọ díẹ̀ sí ọkàn fún mítà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣà á

Ẹ má gba táyà tí iná ti kàn, èyí tó ti rẹ sínú ọ́ìlì ọkọ̀, tàbí èyí tó ti gbó tó ń bú bí àtíkè lọ́wọ́. Bí ẹ bá mọ ilé iṣẹ́ tó ń lẹ ojú tuntun mọ́ táyà tírélà, ẹ tètè lọ bá wọn. Kí wọ́n tó lẹ ojú tuntun, wọ́n máa ń họ ojú àtijọ́ kúrò, hóró rọ́bà tí wọ́n họ yẹn kò ní wáyà, kò ní òwú. Ẹni tó bá rí i rà ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ wáyà etí, kí ẹ gé e

Wáyà tó yí etí táyà ká, èyí tó ń di ríìmù mú, ló le jù. Irin líle ni, ó sì máa ń kán eyín ẹ̀rọ ìgé. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìkọ́ fà á yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ní in á gé etí náà kúrò lódindi ní méjèèjì, á sì tà á fún àwọn oníirin pàǹtí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò lára ojú táyà. Ẹ máa da omi ọṣẹ sí ojú ọ̀bẹ bí ẹ ti ń gé e. Rọ́bà gbígbẹ máa ń di ọ̀bẹ mú, omi ọṣẹ á sì jẹ́ kó yọ̀ kọjá. Ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ní wáyà, òun ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ yọ irin inú rẹ̀

Ẹ̀rọ tó ń gé táyà wẹ́wẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ ata. Ó fẹ́ mọ́tò tó lágbára àti ọ̀bẹ irin líle. Bí ẹ kò bá ní in, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra rọ́bà tí wọ́n ti lọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ní in, kí ẹ sì fi owó yín sórí ẹ̀rọ ìpò àti mọ́ọ̀dù. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan máa ń fi nitrogen olómi mú kí rọ́bà tutù títí yóò fi ṣẹ́ bí gíláàsì, wọ́n á wá fọ́ ọ. Hóró rẹ̀ máa ń dán. Èyí tí a lọ̀ lásán máa ń rí gánnagànna, ó ń ṣe bí òwú. Fún iṣẹ́ tiwa, gánnagànna yẹn ló dára, torí ike rí ibi gbá mú lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ lọ̀ ọ́ tàbí ẹ rà á, ẹ fi òòfà irin tó lágbára kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ́ ẹ pẹẹrẹ. Wáyà kan ṣoṣo tó yọ jáde lójú táìlì á gún ẹsẹ̀ ọmọdé. Òwú máa ń ṣù pọ̀ sókè bí irun, ẹ fẹ́ ẹ dànù bí ìyá yín ṣe ń fẹ́ èèpo ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.6 mm sẹ́ ẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní mesh 30. Èyí tó kọjá ni a ó lò. Èyí tó kù lókè á padà sínú ẹ̀rọ. Hóró tó tóbi máa ń jẹ́ ojú àìlera nínú táìlì, bó ti wù kí ike di í mú tó.

Ẹ wọ ìbòmú níbi iṣẹ́ yìí, ẹ sì ṣí fèrèsé. Ẹ̀tù rọ́bà tó ń fò nínú yàrá tó sé lè gbiná lójijì, iná kékeré ara ẹ̀rọ lásán sì tó. Ẹ má fi rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ sínú àpò nígbà tó ṣì gbóná, ẹ má sì kó o jọ gègèrè. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Kí iyanrìn gbígbẹ máa wà nínú korobá nítòsí. Ní Hagersville ní Kánádà, òkìtì táyà tó gbiná ní oṣù kejì ọdún 1990 jó fún ọjọ́ 17.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbẹ ẹ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sáré kọjá, èmi náà sáré kọjá rẹ̀ nígbà kan. Ọ̀rá tí mo lò ní ìgbà àkọ́kọ́ ti gbẹ lójú mi. Mo kó o sínú ẹ̀rọ, mo tẹ táìlì mẹ́fà. Nígbà tí mo ṣí mọ́ọ̀dù, gbogbo wọn wú bí búrẹ́dì. Mo la ọ̀kan sí méjì, ihò ló kún inú rẹ̀. Omi díẹ̀ tó fara pamọ́ sínú igun ọ̀rá náà ló ṣe é. Omi gíráàmù kan péré, bó bá hó, á gba àyè tó ju lítà 1.6 lọ, mọ́ọ̀dù wa lódindi kò sì ju lítà 2.25 lọ.

Nítorí náà, ẹ gé orí àti ìdí ọ̀rá náà, kí ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan án, kí ẹ wá sá a. Rọ́bà ní tirẹ̀, zinc àti ọ̀rá epo kan tó wà nínú rẹ̀ máa ń yọ sójú, á sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ pò 50 g kọ́sítíkì sódà mọ́ omi lítà kan. Sódà ni a máa ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé sódà lórí, torí ó lè ta sójú ẹni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ bo ojú yín. Ẹ fi rọ́bà rẹ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣan án títí omi kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ fi aṣọ tó nípọn sẹ́ omi náà, kí ẹ tún un lò. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

Ẹ tẹ́ rọ́bà náà sórí tapólìn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọjọ́ méjì oòrùn gidi, tàbí kí ẹ fi sínú ẹ̀rọ ìgbẹ ní 80 °C fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ má fi ojú wọn gbígbẹ. Ẹ wọn 100 g, ẹ tún un gbẹ fún wákàtí kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n padà. Bó bá dín ju ìdajì gíráàmù lọ, omi ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: okùn àgbọn

Ní Badagry àti ní gbogbo etíkun wa, èèpo àgbọn kì í ṣe ohun tí a ń wá. Ẹ rẹ ẹ sínú omi, ẹ lù ú, ẹ fa okùn inú rẹ̀ yọ, kí ẹ gé e sí nǹkan bí 1 cm. Èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ á dì mọ́ra nínú ẹ̀rọ. Omi sódà kan náà ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Sódà yẹn á ṣí ara okùn náà, á di gánnagànna. Ẹ gbẹ ẹ bíi ti rọ́bà. Okùn yìí ni kì í jẹ́ kí táìlì ya lẹ́ẹ̀kan náà: bí ibì kan bá sán, okùn á ṣì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: pípò

Mo ti rí àwọn tó ń fi agbada lórí iná igi pò ó, tí wọ́n ń fi igi rò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ìdí agbada á ti kọjá 250 °C nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì yọ́, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ tó tọ́ ni èyí tó ní irin yíyí nínú páìpù, tó rí bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran, tí iná mànàmáná ń mú páìpù rẹ̀ gbóná ní ipele-ipele. Àwọn tó ń sọ àlòkù ọ̀rá di hóró máa ń ní in. Ẹ lè bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ máa san owó iṣẹ́ fún wọn títí ẹ ó fi ní tiyín. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rá náà di hóró fún yín, torí ọ̀rá tó fúyẹ́ kì í wọ ẹnu ẹ̀rọ dáadáa.

Ẹ ṣètò ooru páìpù náà sí 120 °C níbi ẹnu, 145 °C láàárín, 160 °C níbi tí nǹkan ti ń jáde. Ike pẹ̀lú MAPE ló máa kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ pín in sí mẹ́ta, bí ẹni ń da èlùbọ́ sómi. Ẹni tó bá da gbogbo èlùbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àmàlà rẹ̀ á ní kókó, kókó nínú táìlì sì ju kókó àmàlà lọ, torí ẹsẹ̀ ni yóò fi í hàn. Ẹ gé ohun tó jáde, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún un gbà kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kejì yìí ni ẹ ó fi okùn àgbọn sí i. Bó bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, irin yíyí náà á gé e kélekèle, agbára rẹ̀ á sì lọ.

Ẹ la ègé kan sí méjì, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ibi tó ń dán bí ọ̀rá lásán, tàbí ibi tí rọ́bà ti ṣù bí erùpẹ̀, kò tíì pò. Imú yín náà ni kí ẹ lò. Òórùn rọ́bà wà níbẹ̀ dandan, ṣùgbọ́n bó bá ti ń dà bí ẹyin tó bàjẹ́, imí ọjọ́ ti ń tú jáde nìyẹn, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 190 °C rárá.

Ìgbésẹ̀ keje: títẹ̀

Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin oní-10 mm ṣe mọ́ọ̀dù yín, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ìdí lọ kí táìlì lè jáde. Férémù irin tó lágbára ni yóò gbé jáàkì dúró lókè rẹ̀. Jáàkì tọ́ọ̀nù 20 tí wọ́n fi ń gbé tírélà tó wa. Ojú táìlì jẹ́ 900 cm². Ẹ fi pín 20,000 kg, ẹ ó rí nǹkan bí 22 kg lórí cm² kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́wàá afẹ́fẹ́ tí fọganáísà ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ kékeré. Kí férémù náà nípọn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sí iwájú rẹ̀ nígbà tí jáàkì bá wà lórí ẹrù.

Ẹ mú mọ́ọ̀dù gbóná dé 150 °C, ẹ fi òróró sílíkónì díẹ̀ pa inú rẹ̀. Ẹ wọn 2.4 kg àpòpọ̀ tó ṣì gbóná, kí ẹ tẹ́ ẹ dé gbogbo igun kí ẹ tó dé e. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ tú jáàkì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú ooru, kí ẹ wá pa iná.

Sùúrù ló kù. Ẹ má tú jáàkì sílẹ̀ títí ara mọ́ọ̀dù yóò fi wálẹ̀ dé 50 °C. Bí omi tútù bá ń ṣàn lára mọ́ọ̀dù, kò ní dín ní ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí omi, ó lè ju wákàtí kan lọ. Ọ̀rá máa ń súnkì bó bá ń tutù. Bó bá ṣe ìyẹn láìsí ohun tó di í mú, igun táìlì á ká sókè bí ewé gbígbẹ, kò sì sí ohun tó lè tẹ́ ẹ padà. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó ṣe mọ́ọ̀dù mẹ́ta kó máa yí wọn. Àfikún tó tú jáde létí, ẹ gé e, ó ń padà sínú ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dán an wò kí ẹ tó tà á

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Táìlì tó jáde ní 2.3 kg dára. Èyí tó jẹ́ 2 kg, bí ìnípọn rẹ̀ bá pé, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ sínú omi fún wákàtí 24, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ti fi ju ìdá 2 nínú 100 wúwo sí i, èmi kì í tà á. Okùn tí ike kò bò ló ń mu omi yẹn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mọ agbára rẹ̀. Ẹ gé ọ̀já kan tó fẹ̀ ní 50 mm láti ara táìlì, kí ẹ gbé e lé irin méjì tó jìnnà síra ní 200 mm, kí ẹ máa so ẹrù kọ́ àárín rẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́ tàbí títí yóò fi tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ sọ ẹrù náà di Newton (kg lọ́nà 9.8), ẹ fi 3 àti 200 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in pẹ̀lú 2 × 50 × 25 × 25 (25 ni ìnípọn táìlì ní mm). Bí ẹrù náà bá jẹ́ 60 kg, ẹ ó rí 5.6 MPa (megapascal, ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára ohun tí a ń tẹ̀). Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sínú ìwé fún gbogbo ìpò tí ẹ bá ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ibi tí rọ́bà ti wá, àti ooru tí ẹ lò. Bí nọ́ńbà náà bá já wálẹ̀ lójijì, ìwé yẹn ni yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ibi tó yẹ, àti ibi tí kò yẹ

Ó dára fún ọ̀nà ẹsẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ ibi ìṣeré ọmọdé, ilẹ̀ ilé ẹṣin àti màlúù. Ẹ má fi sí ilé ìdáná, torí ó lè jó, ooru á sì rọ̀ ọ́. Ẹ má fi ṣe òpó tàbí ohunkóhun tó ń gbé ilé ró. Ẹ má fi ṣe ọpọ́n oúnjẹ ẹran tàbí etí adágún ẹja. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà kan tí wọ́n ń fi sí táyà kó má baà tètè gbó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 6PPD, máa ń yí padà bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ohun tó yí padà sí náà ló sì ń pa ẹja coho inú odò wọn lẹ́yìn òjò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí rọ́bà wà nínú ike ju kí a fọ́n ọn sílẹ̀ ní hóró. Yúróòpù pàápàá ti ṣòfin ní ọdún 2023 pé láti 2031, a kò ní máa ta hóró rọ́bà tí wọ́n ń fọ́n sí pápá bọ́ọ̀lù oníkoríko àtọwọ́dá mọ́.

Bí ẹ bá ń tò ó sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi iyanrìn tẹ́ ilẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le. Ẹ fi àlàfo 3 mm sáàárín táìlì kan àti èkejì. Láti àárọ̀ tútù dé ọ̀sán gangan, táìlì kọ̀ọ̀kan lè fi nǹkan bí 2 mm gùn sí i. Bí kò bá rí àyè, á gbé ara rẹ̀ sókè láàárín. Ẹ fi ìkangun dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n má baà máa sún. Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé èyí tó bá fọ́ wá sílé. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ gbẹ ẹ, kí ẹ fi pò mọ́ tuntun, ṣùgbọ́n kó má ju ìdá 20 nínú 100 lọ, torí ọ̀rá tó ti yọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò lè di rọ́bà mú bíi ti ìgbà àkọ́kọ́.